Ọba Ò So: Ọ̀rọ̀ Wo La Fi Ń Parí Ìtàn Ẹni Tó Lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹ ṣeun gan-an ni. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí pé kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sílẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ò jẹ́ káwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ dáadáa, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pánṣékè ló dá wọn dúró, ìgbà tí wọ́n fi máa dé mo ti sọ ọ́ dé ìdajì. Òun rèé. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́, mo kàn fi díẹ̀díẹ̀ kún un níbi tí àyè ò ti gbà mí lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, kí ló pa Ṣàngó? Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá kan tí wọ́n jókòó níwájú, tí wọ́n dé fìlà abetí-ajá, ni wọ́n kọ́kọ́ dáhùn, wọ́n ní, "Ọba ò so." Mo ní bàbá, mi ò béèrè bóyá ọba so àbí kò so o, kí ló pa á ni mo ń bi yín. Wọ́n tún wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọba ò so, ọmọ mi." Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àmọ́ bàbá ò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò sì rẹ́rìn-ín, torí gbogbo ohun tí mo gbé wá látilé ni bàbá ti fi gbólóhùn kan sọ tán yẹn.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ìtàn ọ̀hún ṣe lọ. Ṣàngó jẹ Aláàfin, nǹkan dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé e ń padà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òun nìkan nídìí igi àyàn. Àwọn ọ̀tá ní ọba so. Àwọn tiẹ̀ ní irọ́ ni. Wọ́n lọ wá oògùn wá, ilé ẹni tó bá ní ọba so wá bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, àrá ń sán, iná ń já látòkè, títí gbogbo ìlú fi gbà pé ọba ò so, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an sì di Kòso. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà méjì péré, ni odindi ìlú fi jà. Tó bá jẹ́ pé "so" ló dúró, ọba tí ìtìjú pa ni ì bá jẹ́ títí dòní, torí láyé àtijọ́ wọn kì í ṣe òkú ẹni tó pokùn so bíi ti òkú rere, ètùtù ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, ìdílé rẹ̀ á sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu ayé. Àmọ́ "ò so" ló borí, ló bá di òrìṣà, wọ́n ń bọ ọ́ dé Bùràsíìlì àti Kúbà. Dúró Ládiípọ̀ sì gbé ìtàn yẹn dé Berlin lọ́dún 1964, àwọn Jámánì jókòó, wọ́n ń wo Aláàfin Ọ̀yọ́ lórí ìtàgé.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Àwa èèyàn máa ń rò pé ikú ló ń parí ìtàn ẹni, kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ táwọn tó kù bá fi sọ ikú yẹn ló ń parí ẹ̀. Lítíréṣọ̀ mọ èyí dáadáa. Ìtàn ìlú pẹ̀lú mọ̀ ọ́n, ó kàn máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Ẹ tẹ́tí sí ara yín nílé. Ewúrẹ́ kú. Adìẹ kú. Ọba ńkọ́? Ọba wàjà. Ìyá àgbà tó ti gbé ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n, wọ́n á ní ìyá ti sùn, ìyá ti relé, ìyá ti lọ síbi àgbà ń rè. Ìkókó tó bá bọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn àgbà obìnrin ò ní jẹ́ kí ọlọ́mọ gbọ́ "kú" rárá, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọ míì láti wá nínú gbólóhùn tó kéré tó yẹn. Ẹni tí orò bá sì gbé láyé àtijọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, "orò gbé e" náà ni, ó parí, kò sí òkú tẹ́nì kankan máa sin, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè. Mo ti gbọ́ káwọn kan máa sọ pé ẹ̀rù ikú ló ń ba Yorùbá tí kì í fi í dárúkọ rẹ̀. Mi ò gbà. Ẹni tí nǹkan bá ń bà lẹ́rù, sísá ló máa ń sá fún un, kò ní jókòó máa wá ọ̀rọ̀ tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu fún un. Ìdájọ́ là ń ṣe. Tá a bá ti ń yan ọ̀rọ̀ báyẹn, à ń sọ ohun tá a gbà pé ẹni náà jẹ́, àti ohun tá a fẹ́ kí ìyókù wa máa rántí.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé wàyí. Lísàbí. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò mọ̀ ọ́n, òun ló fi àáró kó àwọn àgbẹ̀ jọ, lójú àwọn Ọ̀yọ́ wọ́n kàn ń bá ara wọn roko ni, àmọ́ ogun ni wọ́n ń kó jọ, ọjọ́ kan ló pé, wọ́n dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ káàkiri ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n pa wọ́n, ìsìn sì tán. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ká tó dé abẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, ká tó máa jẹ́ Abẹ́òkúta. Kí ló wá ṣe Lísàbí? Ọmọ kékeré tẹ́ ẹ bá bi ní Ìtòkú á ní Lísàbí wọlẹ̀ ni, ó wọ igbó lọ, ilẹ̀ lanu, ó wọlé, igbó náà wà níbẹ̀ dòní, Igbó Lísàbí là ń pè é, ọdọọdún la sì ń ṣọdún rẹ̀. Ìtàn kejì wà tí wọn kì í sọ sókè lọ́jọ́ ọdún, pé àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn, àwọn tó ń jowú agbára rẹ̀, ni wọ́n pa á sínú igbó yẹn.

Mi ò wá dájọ́ pé èwo lòótọ́ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tí "wọlẹ̀" ń ṣe ni mo ń wò. Ẹni tó bá wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n bá pa, ẹnì kan ló pa á, ẹni yẹn sì ní agbolé, ó ní àdúgbò, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè máa bá ẹ ra gàrí níbì kan náà lọ́jà Kútọ̀ lónìí. Ìlú tó fẹ́ máa gbé pọ̀ ló yan "wọlẹ̀", ó sì yé mi. Àmọ́ ó máa ń dùn mí o. Ọkùnrin yẹn tọ́ sí ẹni tá a máa sunkún, a kì í sì í sunkún ẹni tó wọlẹ̀, ọdún la máa ń ṣe fún un.

Mo mọ̀ pé nígbà tí mo sọ èyí lọ́jọ́ Sátidé àwọn kan ń mirí, ẹ má bínú, mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ bá mi dé 1914. Láti 1893 ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé Ẹ̀gbá wà lómìnira ara rẹ̀. Lọ́dún 1914 yẹn, wọ́n mú àgbàlagbà kan ní Ìjẹmọ̀, Pónládé lorúkọ wọn, wọ́n sì kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ ní àwọn ò gbà, wọ́n bínú sí àwọn tó ń ṣe ìjọba ní Aké, ìjọba ránṣẹ́ sí sójà, ní oṣù August sójà yìnbọn, Olúwo Ìjẹmọ̀ wà lára àwọn tó ṣubú, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọjọ́ 16 oṣù September ọdún kan náà, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé míì, òmìnira Ẹ̀gbá dópin. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, tí olùkọ́ bá ti dé ibẹ̀, òmìnira la máa ń sunkún rẹ̀. "Dópin" la máa ń kọ sínú nóòtù. Ìlú ló kú lójú ìwé, àwọn tí ìbọn bá kàn di "àwọn aráàlú kan". Mo máa ń gba Ìjẹmọ̀ kọjá dáadáa, mo sì máa ń rò ó pé ìyá kan á ti wà nínú àwọn agbolé yẹn lóṣù August náà tí kò mọ̀ pé òmìnira kankan dópin, ọmọ ẹ̀ ni kò wọlé lálẹ́.

Kí n má sì wá dá àwọn òyìnbó nìkan lẹ́bi. Ọjọ́ 3 oṣù March 1851 tí Dàhòmì wá bá wa jà, a lé wọn, ìtàn ọ̀hún sì ń dùn mọ́ wa títí dòní. Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni ìgbà tí àwọn ọmọ ogun wa tú aṣọ lára ọ̀tá tí wọ́n ti ṣẹ́gun, tí wọ́n rí i pé obìnrin ni, tí inú wá bí wọn pé àwọn obìnrin ni wọ́n rán wá bá àwọn jà. Báyẹn la ṣe máa ń sọ ọ́. Àwọn obìnrin yẹn kú síwájú odi wa, ohun tó sì kù nínú ikú wọn lẹ́nu wa ni pé ó jẹ́ ìwọ̀sí sí àwa. Òkú ọ̀tá kì í ní orúkọ. Wọ́n ní ìyá o.

Ìtàn Màmá Fẹlá ni màá fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ la ti rí ẹni tó ja ìjà ọ̀rọ̀ yìí ní ìta gbangba. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ni wọ́n kó obìnrin Ẹ̀gbá jọ lórí owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè fúngbà díẹ̀ lọ́dún 1949. Ọjọ́ 18 oṣù February 1977, sójà ya wọ ilé Fẹlá l'Ékòó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n ju màmá láti ojú fèrèsé òkè. Wọn ò kú lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 13 oṣù April 1978 ni wọ́n tó lọ, ó ju ọdún kan lọ dáadáa. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ ní sójà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ wá wò ó. Ìyá tó lé ní ẹni ọdún 77, ó ṣàìsàn, ó kú, bí ìjọba ṣe fẹ́ ká sọ ọ́ nìyẹn, ó sì dà bí òótọ́ fẹ́ni tó bá kà á báyẹn. Fẹlá ní rárá, wọ́n pa wọ́n ni. Kí ló wá ṣe? Lọ́dún 1979, tí ìjọba ológun fẹ́ gbé ipò sílẹ̀, ó gbé pósí, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sẹ́nu géètì báráàkì Dodan tí olórí ìjọba wà, wọ́n gbé e sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní "ó kú" fún, inú ilé là ń gbé pósí rẹ̀ sí. Ẹni tí wọ́n bá pa, ẹnu ọ̀nà apààyàn là ń gbé e lọ. Ọkùnrin tó ti yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, tó fi Aníkúlápó síbẹ̀, tó ní ikú wà lápò òun, ìgbà tó kan ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń bá ìjọba fà, kì í ṣe owó gbà-má-bínú.

Ẹnì kan bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà pé kí ló dé tí mi ò dárúkọ abọ́bakú. Mo dárúkọ ẹ̀, àkókò ni ò jẹ́ n pẹ́ níbẹ̀. Aláàfin Ládìgbòlù wàjà lọ́dún 1944. Ẹni tó yẹ kó bá ọba lọ múra, aṣojú ìjọba òyìnbó dí i lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta, Wọlé Ṣóyínká, sọ ọ́ di eré lọ́dún 1975, Ládiípọ̀ ti ṣe tiẹ̀ lédè Yorùbá ṣáájú. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Òyìnbó gbọ́ "pa ara rẹ̀". Àwọn ará Ọ̀yọ́ gbọ́ "bá ọba lọ". Ohun kan náà ni ojú méjèèjì ń wò, ọlọ́pàá wá láti dá àkọ́kọ́ dúró, èkejì ló sì bàjẹ́. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni máa bá ọba lọ o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó ti tán. Mò ń sọ pé tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ yẹn, ẹ wo àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ó yá, mo ti dé ibi tí mo fẹ́ràn jù. Láàárín wa níbí ni wọ́n ti bí Amos Tutùọlá, lọ́dún 1920. Kò kàwé jìnnà, alágbẹ̀dẹ ni nígbà ogun Hitler, mẹ́sẹ́ńjà ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó nígbà tí wọ́n tẹ ìtàn rẹ̀ nípa ọ̀mu ẹmu kan, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Inú ìwé yẹn ni Ikú ti ní ilé. Ó ní oko iṣu! Ọ̀mu yìí ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ tó sì kú, bàbá arúgbó kan ní òun á sọ ibi tí adẹ́mu wà fún un, àmọ́ kó kọ́kọ́ lọ fi àwọ̀n gbé Ikú wá. Kò mọ ọ̀nà. Ó lọ sùn sí oríta, ó kọ orí sí ọ̀nà kan, ó na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí àwọn ọ̀nà yòókù, àwọn tó ń bọ̀ látọjà rí i, wọ́n ń pariwo pé ọmọ tó dára báyìí ló sùn sójú títì, tó tún kọrí sí ọ̀nà Ikú. Bó ṣe mọ ọ̀nà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún lè ronú kan irú ẹ̀, àfi ẹni tó dàgbà síbi tí èrò ọjà ti máa ń dá sí ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí lójú ọ̀nà.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ikú, Ikú gbà á lálejò, ó fún un ní yàrá, ibùsùn tí wọ́n fi egungun èèyàn ṣe ló wà níbẹ̀. Kò sùn lórí ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ló wọ̀. Nígbà tó di aago méjì òru, Ikú rọra ṣílẹ̀kùn, ó mú kùmọ̀ lọ́wọ́, ó lu àárín ibùsùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà lọ sùn pé iṣẹ́ ti parí. Ilẹ̀ mọ́, àlejò ló lọ jí onílé. Mo ka ibí yìí fún wọn ní Kútọ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń pariwo, àmọ́ kùmọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Àwọn òyìnbó, látìgbà àjàkálẹ̀ àrùn tó gbá Yúróòpù láàárín 1347 sí 1351, eegun tó gbé dòjé gígùn lọ́wọ́ ni wọ́n sábà máa ń ya Ikú sí, àgbẹ̀ tó ń kórè ni, ó ń gé gbogbo ẹ̀ lọ ràì, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ikú tiwa, kùmọ̀ ló mú. Ẹnì kan ṣoṣo lèèyàn ń fi kùmọ̀ lù lẹ́ẹ̀kan, ìwọ gan-an ló wá bá. Nínú Ifá, ó tiẹ̀ nídìí tí Ikú fi ń pààyàn, wọ́n lu ìyá rẹ̀ pa lọ́jà Èjìgbòmẹ̀kùn, ló bá fi ìbínú dìde. Ó tún ní aya, aya náà ló sì tú àṣírí ohun tí ọkọ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ. Ẹ wo irú ẹni tá a fi Ikú ṣe: ọmọ tí wọ́n pa ìyá rẹ̀, ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níta. Èèyàn lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Èèyàn lè bẹ̀ ẹ́. Ohun táwọn orúkọ àbíkú ń ṣe náà nìyẹn, Málọmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó, Ikúkọ̀yí, Kòsọ́kọ́ pé ọkọ́ tá a máa fi gbẹ́lẹ̀ ò sí mọ́, ọba kan jẹ l'Ékòó tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ìyá bá ń pe ọmọ wá jẹun lọ́sàn-án, ìyá yẹn ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Tutùọlá ò tún dúró níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀mu dé ìlú àwọn òkú, àwọn òkú ń fẹ̀yìn rìn, adẹ́mu sì sọ fún un pé nígbà tí òun kú, òun ò kàn déédéé dé ìlú yẹn o, ibì kan wà tí òun ti kọ́kọ́ lo ọdún méjì, òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ òkú, ìgbà tí òun mọ̀ ọ́n tán ni òun tó wọ̀lú. Ọdún méjì! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ti kà á. Ṣe ẹ mọ ìtàn Gílgámẹ́ṣì, èyí tí wọ́n kọ sára amọ̀ nílẹ̀ Ìráàkì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, kò jẹ́ kí wọ́n sin ín, ọjọ́ mẹ́fà òru méje ló fi ń sunkún lórí ẹ̀ títí ìdin fi jábọ́ nímú òkú. Ọba ni, alágbára ni, ó lọ wá ohun tí kò ní jẹ́ kóun kú, ó rí ewé kan, ejò gbé e jẹ. Òun náà rìn jìnnà torí ẹni rẹ̀ tó kú, bíi ti ọ̀mu, méjèèjì sì padà sílé láìmú ohun tí wọ́n ń wá bọ̀. Àmọ́ ti Gílgámẹ́ṣì, òkú ti di ìdin lójú ẹ̀. Ti Tutùọlá, ó bá adẹ́mu sọ̀rọ̀, adẹ́mu gbé ẹmu fún un mu, ó ní òun ò lè tẹ̀ lé alààyè padà, ó fún un ní ẹyin kan. Òkú ṣì ní ẹnu láti sọ tiẹ̀.

Nígbà tí ìyá tó bí màmá mi lọ, mo wà ní yunifásítì, mo délé ní Ìtókò, wọ́n ti tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Àgbà obìnrin ilé kan, òun ló kù nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n kì, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ó di ọwọ́ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, ó ń kì wọ́n láti orílẹ̀ bàbá wọn wá. Nígbà tó dé ibì kan, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, àbí o ò ní dá mi lóhùn ni?" Ó dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ orin o. Ó tẹ orí síwájú bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ ẹni tí ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀. A ò mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó mirí, ó ní, "Mo gbọ́," ó wá ń bá kíkì rẹ̀ lọ, ó dé "má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ." Mi ò bi í ohun tó gbọ́. Òun náà ti sùn báyìí.

Ní báyìí pósítà ló kù. Ẹ rìn láti Sàpọ́n dé Lafẹ́nwá, ara ògiri kún fún un, fọ́tò tó dára jù tẹ́ni náà yà láyé ẹ̀, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, orúkọ àwọn ọmọ àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Mi ò kórìíra ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lórí gbogbo ẹ̀, ó sùn nínú Olúwa, ó sùn nínú Olúwa, alágbẹ̀dẹ àti aláṣọ àdìrẹ àti tíṣà, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan parí gbogbo wọn. Ọjọ́ òjò kan ló sì máa fà á ya.

Mo rò pé mo ti parí nìyẹn, mo ní tí ìbéèrè bá wà. Ọmọbìnrin kan dìde ní ìlà kẹta, kò tíì tó ogún ọdún, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òkú àgbà lẹ ti ń sọ látàárọ̀, àti ti ọba. Òkú ọ̀fọ̀ ńkọ́?" Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni, ọkọ̀ ló gbá a lójú ọ̀nà Ṣágámù, ó ti di ọdún mẹ́ta. Bàbá àti ìyá wọn ò débi tí wọ́n sin ín sí, bó ṣe yẹ kó rí, òbí kì í wo sàréè ọmọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti yọ fọ́tò ẹ̀ kúrò lára ògiri, látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ nínú ilé. Ó ní ẹ ti ní "wàjà" wà, "wọlẹ̀" wà, "sùn" wà, ti ẹ̀gbọ́n òun kò sí nínú gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni kóun fi parí tiẹ̀?

Mi ò ní ìdáhùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo kàn ní, kí loríkì ẹ̀? Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, màmá nìkan ló máa ń pè é. Bàbá abetí-ajá iwájú yíjú padà, wọ́n ní, "Pe ìyá ẹ." Ọmọ náà wò mí, mo ní pè é. Ó pè é, ó gbé e sórí sípíkà, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ń béèrè oríkì Bọ̀dá." Kò sí ohùn. A rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó tún pè é, "Mọ́mì?" Lẹ́yìn náà la gbọ́, ohùn náà ò le, ó ní, "Àkànbí." Ó dákẹ́. "Àkànbí mi o." Ló bá gbé e, ó ń kì í, ó ń ti orí bàbá bọ́ sí orí ìyá, ó ń sọ bó ṣe máa ń ti ẹnu ọ̀nà kí i tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó tún padà sí oríkì, ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Bàbá ti ṣí fìlà. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan, fóònù já lójijì, owó inú ẹ̀ ló tán.

Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí wọn ò mọra wọn rí, ti tú gèlè ìdí, ó mú fóònù tiẹ̀ jáde. Ó ní, "Nọ́ńbà wọn dà?"